Ìlà Tó Jẹ Mìlímítà Mẹ́rin

Ohùn tí Bàbá àgbà gbà sílẹ̀ dé sórí fóònù Àǹtí ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti gé ike tí ọ̀rọ̀ náà dá lé tán. Àǹtí gbé fóònù náà kalẹ̀ sáàárín tábìlì, ó sì pe Onímìlì pé kó wá gbọ́ ohun tí bàbá àwọn ń wí.

Ikọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn ikọ́, ìró ráńdà tó ń fá igi. Lẹ́yìn náà ni Bàbá béèrè lọ́wọ́ fóònù bóyá ó ti ń gbọ́ òun. Nígbà tí fóònù kò dáhùn, ó ní, "Ó dáa, bó o bá ń gbọ́, sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe ike yẹn ní ọgọ́fà mọ́. Mọ́kànlélọ́gọ́fà ni kí wọ́n ṣe é. Mo ti fi pépà oníyanrìn ha ojú ihò wọ̀nyẹn kí wọ́n lè dán, wọ́n sì ti fẹ̀ díẹ̀." Ó gbàgbé pé ohùn òun ṣì ń wọlé. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn tó ń ṣe lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ dúró jẹ́ẹ́ kí òun gbé e yí padà, pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ó tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ń bẹ ilẹ̀kùn.

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó hàn pé àfẹ̀mọ́júmọ́ Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá ti gba ohùn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rò pé bí èèyàn bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ á gbéra fúnra rẹ̀. Inú èérún igi ló ti rí fóònù náà lọ́jọ́ kejì, tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì jókòó síbẹ̀.

"Kò burú," ni Àǹtí wí nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀. "Mìlímítà kan kò lè ba ilẹ̀kùn jẹ́. Gọ́ọ̀mù á dí i."

Onímìlì náà rò bẹ́ẹ̀. Ó tún ka ike méjèèjìlá tó wà nínú páálí, roboto, aláwọ̀ oyin, tí etí wọn ń dán. Ó gbé ọ̀kan sójú. Ògiri, àga, orí Àǹtí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà di ìrọ̀lẹ́ lójú rẹ̀.

Bàbá àgbà ló sọ ọ́ ní Onímìlì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gé búrẹ́dì fún òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó sì lọ mú rúlà wá láti wọ̀n ọ́n. Mìlímítà mẹ́ta ni ti àbúrò fi ju tirẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀, pé ojú òun ló jogún. Ní báyìí ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti ń bá Àǹtí, àbíkẹ́yìn Bàbá, ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé lẹ́tà àti àwòrán fún pátákó. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ya ohun tí wọ́n fẹ́ gé. Ẹ̀rọ kan tó tóbi bí ibùsùn ọmọdé ló ń fi iná tín-ín-rín tọ ipa ìlà àwòrán náà, tí yóò sì gé e.

Màmá Oníwèé, ìyá tó ń tọ́jú ilé ìkàwé àdúgbò, ló béèrè fún ilẹ̀kùn tuntun fún yàrá àwọn ọmọdé, ilẹ̀kùn tí oòrùn á máa gbà kọjá. Bàbá gbẹ́ ihò roboto méjìlá sára igi. Fífẹ̀ ojú ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́fà mìlímítà. Nínú ihò náà, ó ṣẹ́ ètè tín-ín-rín kan sílẹ̀ yí i ká, tí ike á jókòó lé bí ìdérí ṣe ń jókòó lẹ́nu ìkòkò. Láti ètè dé ètè jẹ́ méjìdínlọ́gọ́fà. Onímìlì ni yóò ya ike, òun ni yóò sì gé e, òun nìkan, fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín iṣẹ́ náà, Bàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni tó ń bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá ṣàdéhùn.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ni ó wí. "Ìwọ mú kọ̀ǹpútà, èmi mú ayùn."

Ohun mìíràn tún wà nídìí iṣẹ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán fún ẹ̀rọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sì máa gba ìwé ìbéèrè kẹ́yìn. Wọ́n ní kí ọ̀gá tí akẹ́kọ̀ọ́ ti bá ṣiṣẹ́ kọ lẹ́tà nípa ọwọ́ rẹ̀. Àǹtí ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ ilẹ̀kùn bá parí láìlábùkù, òun á kọ ọ́. Onímìlì ti fi ojú inú rí ara rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti mọ àwọ̀ aṣọ fèrèsé wọn, bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé ilẹ̀kùn dé ilé ìkàwé. Bàbá fi í kọ́ ara férémù, ó ṣí i, ó tì í, kò dún. Màmá Oníwèé dúró, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá gba ike kìíní lọ́wọ́ Onímìlì, ó fi í sójú ihò tó wà lókè pátápátá.

Ike náà kọjá. Ó já bọ́ lódì kejì ilẹ̀kùn, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ pẹpẹ ìwé.

Màmá Oníwèé ní ó jọ pé ilẹ̀kùn yìí kò fẹ́ràn oúnjẹ òwúrọ̀. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Bàbá gba ìkejì, òun náà kọjá. Nígbà tí ìkẹta já bọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá ki ìka bọ inú ihò náà, ó fi í ra ètè rẹ̀ yíká díẹ̀díẹ̀, ó dijú bí ẹni tó ń wá orúkọ tó gbàgbé. Ó ra ti ìkejì. Lẹ́yìn náà ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó sì ń wò ó.

"Mo ti ha ètè yìí náà," ni ó wí. "Mo ha á jù, n kò sì mọ̀ pé mò ń ha á."

Onímìlì ní kí òun kó àwọn ike náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá Oníwèé, ìyẹn sì ń sọ pé kò séwu, òun á fi páálí dí ihò náà ná, àwọn ọmọdé kò mọ̀ ju kí wọ́n rí ìwé kà. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n Onímìlì rí i pé bí wọ́n ṣe ń tu Bàbá nínú ni ó ń kéré sí i.

Kò sẹ́nì kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí ti gbé pátákó lọ fún oníbàárà. Onímìlì ṣí kọ̀ǹpútà, ó tẹ òbìrìkìtì kan nínú àwòrán náà. Lókè, níbi tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí, fífẹ̀ jẹ́ ọgọ́fà, gíga jẹ́ ọgọ́fà. Àgádágodo kékeré tó wà láàárín méjèèjì wà ní títì, tó fi jẹ́ pé bí fífẹ̀ bá yí, gíga á bá a yí, òbìrìkìtì kò ní di ẹyin. Ohun gbogbo tọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, lẹ́yìn náà ojú tì í pé ọkàn òun balẹ̀.

Torí kí ó lè dá ara rẹ̀ lójú, ó mú irin ìwọ̀n Àǹtí, irú èyí tí Bàbá ní, tí ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu akàn. Ó fi ike kan sáàárín ẹnu náà, ó pa á dé, ó sì kà á.

Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà.

Ó wọn òmíràn. Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Ó wọn gbogbo méjèèjìlá, mẹ́rin ló ti dín nínú ọgọ́fà wọn.

Ó tún wo àwòrán. Ìgbà yìí ni ó rí ìlà náà fúnra rẹ̀. Ó nípọn bí okùn bàtà, aláwọ̀ oyin. Mìlímítà mẹ́rin ni nínípọn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù yìí ni Àǹtí ti kọ́ ọ: ìlà ní ara. Bó o bá wo ìwọ̀n lórí kọ̀ǹpútà yìí, láti awọ òde ìlà lápá kan dé awọ òde ìlà lápá kejì ló ń kà fún ọ. Ṣùgbọ́n àárín ìlà ni iná ń tọ̀. Nítorí náà, kọ́kọ́ sọ ìlà di tín-ín-rín bí irun orí, kó o tó kọ ìwọ̀n kankan sílẹ̀. Onímìlì mọ̀ ọ́n. Ó ti ṣe é ní ìgbà tí kò níye. Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú kí ìlà náà nípọn, ó sì fi àwọ̀ oyin kùn ún, torí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe dà bí oòrùn lójú kọ̀ǹpútà. Ìwé ìtàn kan sì wà lábẹ́ tábìlì tó ku ojú-ewé mẹ́sàn-án, tó gbọ́dọ̀ dá padà fún Màmá Oníwèé lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọgọ́fà sílẹ̀, ó ti àgádágodo, ó rán ẹ̀rọ níṣẹ́, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Iná tọ àárín ìlà. Ìlà jẹ mìlímítà méjì lápá ọ̀tún, ó jẹ méjì lápá òsì.

Ó jókòó, ó ṣírò rẹ̀ lọ, ó ṣírò rẹ̀ bọ̀. Ká ní Bàbá kò tiẹ̀ fi pépà oníyanrìn kan igi náà rárá, ètè rẹ̀ jẹ́ méjìdínlọ́gọ́fà, ike tó jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà á ṣì gba àárín rẹ̀ já bọ́. Ká ní ọ̀rọ̀ Bàbá dé lásìkò, mọ́kànlélọ́gọ́fà ni ìbá kọ, mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ni ìbá sì gé. Ìyẹn náà á já bọ́.

Àǹtí wọlé, ó sì ti gbọ́. Bàbá ti pè é. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó jókòó sórí àpótí, ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan lórí ìka: ìkòkò gọ́ọ̀mù tí Bàbá gbàgbé sórí iná lóṣù tó kọjá, bàtà méjì tí kì í ṣe ìbejì tó wọ̀ lọ sí ìpàdé àdúgbò, ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ tí kò fi ránṣẹ́, àti ètè ihò méjìlá tó ha láìmọ̀. Ó ní òun àti ìyá Onímìlì ti jọ sọ̀rọ̀. Ó tó àkókò kí Bàbá sinmi.

"Ike tuntun máa dé lọ́jọ́rú," ni ó wí. "Lọ wọn ihò yẹn fúnra rẹ lọ́jọ́ Ajé, kó o ya á, kó o gé e. Ìwọ kò ṣe nǹkan kan. Iye tí wọ́n fún ọ lo gé."

Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú lẹ́tà jáde. Ó ti kọ ọ́ láti àná. Onímìlì kà á níbẹ̀. Ìlà kan wà láàárín rẹ̀ tó sọ pé láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà lọ́dọ̀ òun, kò tíì ba ìwọ̀n kankan jẹ́. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àǹtí fọwọ́ pa á lórí, ó ní kó máa dúpẹ́, kó má sunkún. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Bí ó ti rọrùn tó ló bà á lẹ́rù. Kò sí irọ́ tó máa pa. Ìlà irun orí, mọ́kànlélọ́gọ́fà, àgádágodo, ó tán. Ike á jókòó, oòrùn á kọjá, kò sì sí ẹ̀dá alààyè tó máa mọ̀. Kò tiẹ̀ ní la ẹnu.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ní ilé tí wọ́n jọ ń gbé, Bàbá jẹun díẹ̀, ó sì dìde. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Onímìlì gbọ́ ìró irin ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Ó rò pé iṣẹ́ ni. Nígbà tó dé ibẹ̀, àpótí mẹ́ta ló rí. Bàbá ń nu ráńdà kọ̀ọ̀kan, ó ń fi aṣọ àtijọ́ wé e bí ìgbà tí wọ́n ń wé ọmọ tuntun, ó ń tò wọ́n sínú àpótí.

Ìyá rẹ̀ ló ṣàlàyé fún un nílé ìdáná. Ọmọọṣẹ́ Bàbá àtijọ́ kan, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ń bọ̀ wá kó irinṣẹ́ náà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú Bàbá. Ó ní káfíńtà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń ṣe ohun tí òun kò rán an, kó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ kó tó gé ohun tí kì í ṣe igi.

Onímìlì wọ yàrá rẹ̀. Lẹ́tà wà lórí tábìlì. Ó gbìyànjú láti ronú nípa ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, nípa aṣọ fèrèsé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan. Bàbá tó ń fi ìka ra ètè ihò ni ó ń rí, tó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ kò sí, tó sì rí i, torí pé ó fọkàn tán ìwọ̀n ọmọ ọmọ rẹ̀ ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nílé pé ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka ẹlòmíràn ni wọ́n ń gé yìí, òun sì jókòó, ó ń wò ó. Ó wá yé e pé ẹni tó bá dákẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn ti parọ́, bí kò tiẹ̀ la ẹnu. Ó yé e pẹ̀lú pé àṣìṣe ìwọ̀n ṣeé tún ṣe lọ́jọ́rú. Èyí tí ó ń ṣe lọ́wọ́ kò ní ọjọ́rú tirẹ̀.

Ó di aago mẹ́ta kọjá díẹ̀. Ó mú lẹ́tà, ó mú ike kan, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Bàbá ti ń ti àpótí ìkẹta. Ó yọ pẹ́ńsù tó máa ń wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́. Onímìlì kò tíì rí etí yẹn láìsí pẹ́ńsù rí, ó dà bí etí àlejò. Nígbà tí Bàbá rí i, ó ṣí ọwọ́. Irin ìwọ̀n rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ dà bí ti akàn.

"Èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kó lọ," ni ó wí. "Tìrẹ ni. Nọ́ńbà rẹ̀ ti kéré jù fún ojú mi. Ẹni tó bá wọn búrẹ́dì ìyá rẹ̀ ló yẹ kó jogún rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín fún un, ẹ̀rín tó fi ń ṣàánú rẹ̀ kó má baà sunkún. Onímìlì gba irin náà. Ó fi ike aláwọ̀ oyin sáàárín ẹnu rẹ̀, ó pa á dé, ó sì gbé e sún mọ́ ojú Bàbá. Bàbá dijú kan, ó tẹ orí. Ó ní òun kò rí i, kí ni ó wí.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ni, Bàbá."

Bàbá gbójú sókè. Ó ń wo ike, ó ń wo ètè ihò lọ́kàn, ó ń ṣírò. Onímìlì kò dúró kó ṣírò tán.

"Ọwọ́ yín kò ṣẹ̀," ni ó wí. "Èmi ni mo gé e kéré. N kò dín ara ìlà kù kí n tó kọ ọgọ́fà, torí pé ìwé tí mò ń kà ló wà lọ́kàn mi. Bí ọ̀rọ̀ yín bá tiẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ike yẹn á ṣì já bọ́. Láti ọ̀sán àná ni mo ti mọ̀, mo sì dákẹ́ nítorí lẹ́tà yìí. Ẹ dárí jì mí. Mò ń lọ bá Àǹtí báyìí, màá sọ fún wọn bí mo ṣe sọ fún yín, màá sì dá lẹ́tà wọn padà. Ẹ fi pẹ́ńsù yín sétí, Bàbá. Bí ọmọọṣẹ́ yín bá dé, ẹ sọ fún un pé irinṣẹ́ yín kò lọ síbì kankan."